Àlàájì tó ń tún sítóòfù oníná ṣe ní Ouando: iná ni wọ́n kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò

Iṣẹ́ kéèkì àti búrẹ́dì yíyan ni mò ń ṣe nílùú Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) yìí. Ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, àsè àwọn tó ti Mẹ́kà dé, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ mí níṣẹ́ fún. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ sítóòfù oníná kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lọ́dọ̀ mi. Ibẹ̀ ni owó ilé ìwé àwọn ọmọ mi ti ń jáde. Àlàájì kan tó ní ìsọ̀ lójú ọ̀nà ọjà Ouando, tí wọ́n ń tún sítóòfù oníná àti fúùrù (ààrò oníná tí a fi ń yan nǹkan) ṣe, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Iṣẹ́ wọn tẹ́ mi lọ́rùn gan-an. Mo sì máa sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó, kí ẹni tó bá fẹ́ pè wọ́n lè mọ ohun tó ń lọ bá.

Ohun kan ṣoṣo ló mú wọn yàtọ̀ sí àwọn oníṣẹ́ tó ti wá sílé mi ṣáájú wọn: Àlàájì kì í fọwọ́ kan sítóòfù títí wọn á fi mọ irú iná tó ń wọ inú rẹ̀. Àwọn tó ṣáájú, bí wọ́n bá ti wọlé, sukúrúù ni wọ́n máa kọ́kọ́ tú. Wọ́n á ki tẹ́sítà bọ ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì, á tàn, wọ́n á ní "iná wà, Màdáàmù," ó parí. Láti ìgbà náà lọ, ẹ̀bi ti di ti sítóòfù: résistance (irin tó ń gbóná nínú rẹ̀) ti kú, tẹ́mọ́sítáàtì (ohun tó ń díwọ̀n ooru) ti jóná, ẹ lọ ra tuntun. Ọ̀kan nínú wọn gba owó résistance lọ́wọ́ mi, ó yọ èyí tí kò ní àrùn kankan lára, ó fi òmíràn síbẹ̀, kò sì sí ohun tó yí padà. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Tòkúnbọ̀ ni sítóòfù ọ̀hún, ti Jámánì. Kutonu la ti rà á, lọ́wọ́ àwọn tó ń já ẹrù Yúróòpù. Ojú mẹ́rin ló ní lókè, fúùrù ńlá wà nísàlẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti so ó mọ́ iná ni ojú méjì ọwọ́ ọ̀tún kò ti gbóná rárá. Fúùrù ń ṣiṣẹ́, gílóòbù kékeré inú rẹ̀ ń tàn, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ kì í tó. Kéèkì tó yẹ kó jinná láàárín ìṣẹ́jú márùnlélógójì á wà níbẹ̀ títí, etí rẹ̀ á ti gbẹ, àárín rẹ̀ á ṣì rọ̀ bẹ̀tẹ̀. Ti alẹ́ ló máa ń burú jù. Ẹni tó bá ń ta kéèkì mọ ohun tí mò ń wí: ẹyin, bọ́tà àti ṣúgà tó bá ti pàdé nínú abọ́, kò sí ẹni tó lè dá wọn padà sọ́jà.

Nígbà tí Àlàájì dé, wọn ò tíì wo sítóòfù tí wọ́n fi jókòó, tí wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè.

"Ọmọ mi, tí o bá tan fúùrù, ṣé gílóòbù inú ilé máa ń wálẹ̀?"

"Ó máa ń wálẹ̀ díẹ̀, Bàbá."

"Ti ilé ìdáná nìkan ni, àbí ti gbogbo yàrá?"

Mi ò kíyè sí i rí. Wọ́n ní kí n lọ tan fúùrù, kí ọmọ mi obìnrin dúró sí yàrá, kó máa wo gílóòbù. Ti yàrá fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Ti ilé ìdáná, tó wà lórí wáyà kan náà pẹ̀lú sítóòfù, wálẹ̀ dáadáa. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní bí gbogbo ilé bá wálẹ̀ pọ̀, a ó máa wo ìdí compteur (ẹ̀rọ tó ń ka iná tí ilé ń lò) tàbí òpó ìta. Bí ó bá jẹ́ apá kan ṣoṣo ló wálẹ̀, inú ilé ni ọ̀rọ̀ náà wà, lórí ìlà yẹn gan-an. Wọ́n tún béèrè bóyá òórùn ike tó ń jóná ti kan mí nímú rí, bóyá ẹnì kan ń fi ẹ̀rọ jó irin pọ̀ ládùúgbò, àti ta ni ó fa wáyà ilé náà. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Mi ò tíì rí oníṣẹ́ iná tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ bíi dókítà tí aláìsàn ń ròyìn àìsàn rẹ̀ fún.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú multimètre jáde, mítà kékeré tí wọ́n fi ń wọn iná. Wọ́n wọn iná níbi tí wáyà ti wọ ẹ̀yìn sítóòfù, láì tan nǹkan kan: fóòtì 224 (fóòtì ni ìwọ̀n agbára tí iná fi ń wọlé). Èyí dára. Iye tó yẹ kó wọ ilé wa ni 230, òdiwọ̀n IEC, àjọ àgbáyé tó ń ṣètò ọ̀rọ̀ iná, sì fàyè gba kó lọ sókè tàbí kó wá sílẹ̀ ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn láti 207 dé 253. Ibi tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti máa ń dúró nìyẹn. Àlàájì ní iná tí ò tíì ṣiṣẹ́ kò tíì fi ìwà rẹ̀ hàn. Wọ́n ní kí n tan fúùrù dé òpin. Nọ́ńbà ojú mítà já wálẹ̀ sí 203. Wọ́n ti fi ọmọ iṣẹ́ wọn sídìí compteur pẹ̀lú mítà kejì; ó pariwo láti ìta pé 218 ni tòun. Ó yé mi kí wọ́n tó là á yé mi: fóòtì 6 ló sọ nù lójú títì, 15 sì sọ nù láàárín compteur àti ilé ìdáná mi.

Ìlà náà kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní wáyà nìkan kò lè jẹ fóòtì 15, àfi bí ìdè kan bá ti tú níbì kan.

Bí wọ́n ṣe pa iná kí wọ́n tó ṣí ojú ohunkóhun wù mí púpọ̀. Wọ́n já disjoncteur (ẹ̀rọ tí a fi ń já iná ilé), wọ́n fi ọmọ iṣẹ́ tì í, wọ́n ní kó má kúrò níbẹ̀, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e sókè. Wọ́n fi mítà kan sọ́kẹ́ẹ̀tì aládùúgbò wa tí iná wà nínú rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé mítà kò bàjẹ́. Wọ́n fi kan wáyà tiwa, òdo. Wọ́n tún padà fi kan ti aládùúgbò. Nítorí mítà tó bàjẹ́ náà lè fi òdo hàn, òdo yẹn sì ti pa èèyàn.

Nínú àpótí kékeré kan lókè àjà ni wọ́n ti bá a. Dòmínò kan ni, ike kékeré tí wọ́n fi ń so wáyà pọ̀, irú èyí tí wọ́n ń ta ní ìlà ìlà, tí wọ́n máa ń fi ọ̀bẹ gé sí wẹ́wẹ́. Ike rẹ̀ tó yẹ kó funfun ti pọ́n bíi igi tí iná rà. Wáyà aláwọ̀ búlúù tó wọ inú rẹ̀ ti dúdú dé ibi gígùn ìka kan; Àlàájì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, awọ rẹ̀ fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó ń bọ́ sílẹ̀. Sukúrúù tó dè é, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi yí i. Bí ìdè bá tú díẹ̀, iná á máa gbóná níbẹ̀. Bí ó bá ti ń gbóná tó ń tutù, ìdè á tún máa tú sí i. Wọ́n bá mi ṣírò rẹ̀ lórí ìwé: fúùrù mi ń fa nǹkan bí ámpíà 9 (ámpíà ni iye iná tó ń ṣàn), fóòtì 15 lọ́nà 9, ó lé ní wáàtì 130. Wáyà fúnra rẹ̀ jẹ díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú dòmínò yẹn, tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ, ni èyí tó pọ̀ jù ń lọ, lábẹ́ igi àjà ilé tí àwọn ọmọ mi ń sùn sí. Ara mi bù máṣọ.

Wáyà aláwọ̀ búlúù ni neutre, èyí tí iná ń gbà padà. Tẹ́sítà tí àwọn tó ṣáájú gbé wá kò lè rí irú àìsàn yẹn láéláé. Fáàsì, wáyà tó ń gbé iná wọlé, nìkan ni tẹ́sítà ń fi hàn. Kò mọ̀ bóyá neutre dúró dáadáa, kò sì mọ̀ bóyá fóòtì 224 ni àbí 150. Ó ń tàn náà ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí oníṣẹ́ bá wọlé yín pẹ̀lú tẹ́sítà nìkan, tó ní résistance yín ti kú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó lọ gbé mítà wá. Résistance kì í ṣe àwámárìídìí. Bí a bá pa iná, tí a sì yọ wáyà lára rẹ̀, mítà á sọ iye óòmù rẹ̀: ti wáàtì 2000 máa wà ní nǹkan bí 26, ti 1500 á wà ní nǹkan bí 35, ti 1000 á sún mọ́ 53. Èyí tó bá kú kì í fi nọ́ńbà kankan hàn. Àlàájì wọn èyí tí ọkùnrin yẹn yọ, tí mo ṣì fi pamọ́: 35. Kò sí ohun tó ṣe é.

Ó wá ku ojú méjì tí kò gbóná. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ra sítóòfù tòkúnbọ̀ ti Jámánì fara balẹ̀ kà. Ọ̀pọ̀ ilé lọ́hùn-ún ló ní fáàsì mẹ́ta, nítorí náà sítóòfù wọn ní ẹnu mẹ́ta lẹ́yìn fún fáàsì, tí wọ́n fi 1, 2 àti 3 sàmì sí. 4 àti 5 ni ti neutre, lẹ́yìn náà ni ibi wáyà ilẹ̀, èyí tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀. Ẹnu kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń bọ́. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, fáàsì kan ló wọ ilé ọ̀pọ̀ èèyàn. Kí irú sítóòfù bẹ́ẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́ pátá, a gbọ́dọ̀ fi àwọn irin bàbà pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣe fún un so 1, 2 àti 3 pọ̀, kí a sì so 4 mọ́ 5. Nígbà tí Àlàájì ṣí ìdérí ẹ̀yìn tèmi, irin kan ṣoṣo ló wà lórí ẹnu fáàsì. Èkejì ti sọ nù, bóyá ní Yúróòpù, bóyá lójú omi, mi ò mọ̀. Ẹnu tó ń bọ́ ojú méjì ọwọ́ ọ̀tún ò ní nǹkan kan nínú. Wọ́n na ìka sí àwòrán tí wọ́n tẹ̀ sára ìdérí náà gan-an, tó ń fi bí wọ́n ṣe ń so ó hàn. Gbogbo àwọn tó ti tú u rí ló ti rí àwòrán yẹn, kò sí ẹni tó kà á.

Mo ní kí wọ́n fi irin náà síbẹ̀ kíá, kí n lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n kọ̀. "Wáyà 2,5 mm² lo ní nínú ògiri, ó tín-ín-rín," ni wọ́n wí. "Tí gbogbo ojú rẹ̀ bá gbóná pọ̀ mọ́ fúùrù, ilé ni á jó." Wọ́n ní sítóòfù tó bá ń ṣiṣẹ́ pátá lórí fáàsì kan, wáyà 6 mm² ló yẹ kó máa bọ́ ọ, pẹ̀lú disjoncteur ámpíà 32 tirẹ̀ nìkan, láti ojú pátákó iná wá tààrà, láìsí dòmínò kankan lójú ọ̀nà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán tí a ń ki ẹ̀rọ ata bọ̀, ámpíà 16 ni. Kò lè gbé ju nǹkan bí wáàtì 3700 lọ. Wọ́n tún wo disjoncteur ilé iṣẹ́ iná nídìí compteur, nítorí ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún ámpíà 15, wáàtì 3450 péré ló ní, kò sí bí wáyà rẹ̀ ṣe lè tóbi tó. Ó wá di pé kí n lọ tọrọ àfikún ámpíà kí iṣẹ́ tó lè parí. Ó dùn mí pé kò yá, ṣùgbọ́n òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ìkìlọ̀ kan tí wọ́n tẹnu mọ́: ilé tó bá ní fáàsì mẹ́ta gidi, ẹ má ṣe fi irin yẹn so ẹnu fáàsì pọ̀ níbẹ̀. Fáàsì á pàdé fáàsì, fóòtì 400 ló wà láàárín wọn.

Ọ̀rọ̀ ti alẹ́ ni wọn kò lè tún ṣe, wọ́n sì sọ ọ́ fún mi láì fi nǹkan bò. Wọ́n padà wá lẹ́yìn ìrun mọ̀gíríìbì lọ́jọ́ kan, kí wọ́n tó pààrọ̀ wáyà, láti wọn iná lásìkò tí gbogbo àdúgbò ń dáná. Nídìí compteur, 196; nídìí sítóòfù, 180. Ooru résistance kì í bá fóòtì lọ ní ẹsẹẹsẹ: bí iná bá fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀, ooru ń lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì rẹ̀. Fúùrù wáàtì 2400 mi, ní 180, kò ju nǹkan bí 1470 lọ mọ́. Kí ni kéèkì ò ní ṣe tí kò ní wú! Wọ́n ní apá kan àìsàn yẹn inú ilé mi ló wà, àwọn á wò ó sàn. Èyí tó kù, ojú títì ni, iṣẹ́ ilé iṣẹ́ iná ni. Wọ́n kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ fún mi pẹ̀lú wákàtí, pé kí n mú un lọ bá wọn, nítorí "iná ò dára" nìkan kò ní mú ẹnikẹ́ni dìde, ṣùgbọ́n 196 nídìí compteur wà nísàlẹ̀ 207. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Títí di báyìí, ilé iṣẹ́ iná kò tíì wá. Àwọn kéèkì ńlá, òwúrọ̀ kùtùkùtù ni mo ń yan wọ́n, nígbà tí iná le.

Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán Àlàájì pátápátá ni ọ̀rọ̀ sítábíláísà. Mo béèrè pé ṣé kí n ra ńlá kan, kí ọ̀rọ̀ alẹ́ lè parí. Sítábíláísà wà nísọ̀ wọn, wọ́n ń tà á. Wọ́n lè gba owó mi kí wọ́n sì dákẹ́. Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní sítábíláísà kì í ṣẹ̀dá iná. Láti gbé fóòtì sókè, ámpíà púpọ̀ sí i ló máa fà lórí wáyà kan náà, tí àdúgbò bá sì ń fà púpọ̀ sí i, fóòtì gbogbo wa á tún lọ sílẹ̀. Fún ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, ó dára. Fún fúùrù, owó lásán ni.

Wọ́n kọ́ mi ní ohun mìíràn tí mo ti sọ fún gbogbo ará ilé. Bí gílóòbù kan bá ṣàdédé mọ́lẹ̀ kọjá ààlà, tí òmíràn sì ń kú lọ lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí tí ilé yín ń mọ́lẹ̀ rokoṣo tí ti aládùúgbò ń kú, neutre lè ti já lórí òpó. Fóòtì tó ń wọ ilé lè máa gun òkè lọ sí ọ̀nà 400. Ẹ má dúró wádìí. Ẹ já disjoncteur ńlá lẹ́ẹ̀kan, ẹ pe ilé iṣẹ́ iná. Bákan náà lásìkò délestage, ìgbà tí ilé iṣẹ́ iná bá ń mú iná àdúgbò lọ: ẹ pa sítóòfù àti fíríìjì, ẹ jẹ́ kí iná dé kó fìdí múlẹ̀ kí ẹ tó tan wọ́n padà. Fúùrù tí a gbàgbé ní títàn, tí iná bá dé nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé, ewu ńlá ni.

Nítorí inú mi dùn, mo júwe wọn fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ládùúgbò Catchi. Ti ẹ̀gbọ́n mi yàtọ̀. Lásìkò òjò, fúùrù rẹ̀ wà láì ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́; bó ṣe tan án ni différentiel (ẹ̀rọ tó ń já bí iná bá ń jò) já. Ó gbé e sókè, ó tún já. Oníṣẹ́ kan tí wọ́n pè gé wáyà ilẹ̀ kúrò lẹ́yìn fúùrù. Différentiel kò já mọ́, oníṣẹ́ gba owó, ó lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń dáná, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tutù, tó fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn fúùrù, nǹkan máa ń ta á.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Àlàájì rí wáyà tí wọ́n gé náà. Inú bí wọn, mi ò rí wọn bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní différentiel tó ń já kì í ṣe àìsàn, òun ló ń sọ pé àìsàn wà. Bí ámpíà tó sọ nù bá ti dé ìdá ọgbọ̀n nínú ẹgbẹ̀rún ámpíà kan, ó gbọ́dọ̀ já kí ọkàn èèyàn má baà dúró. Ẹni tó gé wáyà ilẹ̀ ti fi ara ẹ̀gbọ́n mi dípò wáyà náà. Wọ́n pa iná, wọ́n yọ résistance ìsàlẹ̀ jáde. Ó mọ́ tónítóní, kò là, kò dúdú. Wọ́n ní inú irin yẹn, ìyẹ̀fun funfun kan ló yí wáyà tó ń gbóná ká, ìyẹ̀fun náà sì máa ń mu ọrinrin bí fúùrù bá pẹ́ láì ṣiṣẹ́; ilé létí ọ̀sà bíi tiwa, lásìkò òjò, kò sí bí kò ṣe ní mu ún. Wọ́n gbé e lọ sísọ̀, wọ́n yan án nínú fúùrù tiwọn, ní ooru pẹ̀lẹ́, títí ọrinrin fi jáde. Wọ́n wọn ún, wọ́n dá a padà, wọ́n so wáyà ilẹ̀ tuntun, wọ́n sì ri ọ̀pá ilẹ̀ tuntun mọ́lẹ̀ nínú àgbàlá. Différentiel kò já mọ́, kò sì sí ohun tó ń ta ẹ̀gbọ́n mi. Wọn ò ta résistance tuntun fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ owó. Wọ́n ń gba 5.000 fráǹkì láti wá yẹ iná wò, yálà wọ́n rí nǹkan ṣe tàbí wọn ò rí. Àwọn kan ń kùn sí èyí, pé oníṣẹ́ mìíràn kì í gba owó àyẹ̀wò. Lójú tèmi, owó yẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè sọ òótọ́. Ẹni tí kò gba owó àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ rí nǹkan pààrọ̀ kó tó jẹun. Owó iṣẹ́ ọwọ́ fún wáyà tuntun, disjoncteur àti ìsopọ̀ sítóòfù mi jẹ́ 20.000. Ọjà fúnra rẹ̀ ló wọ́n. Wáyà 6 mm² ti bàbà kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn wáyà yòókù lọ́jà, owó rẹ̀ sì bà mí lẹ́rù.

Wọn kì í ra ọjà fún èèyàn, ẹ mọ èyí ṣáájú. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi, wọ́n ní kí n lọ rà á, kí n gbé e wá kí wọ́n wò ó. Wáyà àkọ́kọ́ tí mo gbé dé, wọ́n fi ọ̀bẹ ha orí rẹ̀. Lábẹ́ pupa bàbà yẹn, funfun ló hàn: alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú. Wọ́n ní kí n dá a padà, irú rẹ̀ máa ń gbóná ju bàbà lọ, ìdè rẹ̀ sì máa ń tú. Ẹni tó tà á fún mi gbà á padà lẹ́yìn ariwo díẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ mú ọ̀bẹ kékeré dání lọ sọ́jà, ẹ ha á níwájú ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó. Zem (ọ̀kadà) tí mo gùn lọ gùn bọ̀ fún wáyà yìí wà nínú owó tí mo ná.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó nìyí. Bí wọ́n bá ní àárọ̀ làwọn ń bọ̀, ẹ fi ọ̀sán sọ́kàn. Wọn kì í fi iṣẹ́ ẹlòmíràn sílẹ̀ láìparí, ó dára fún onítọ̀hún, ṣùgbọ́n ìwọ tó ń dúró kò ní rí nǹkan dá. Mo ti pàdánù kéèkì ìsọmọlórúkọ kan nítorí ìdúró yìí. Wọn kì í gbé fóònù lásìkò ìrun, wọn kì í sì í pe èèyàn padà. Rìsíìtì, àfi kí ẹ béèrè. Ẹnu wọn le: bí wọ́n bá rí ìsopọ̀ tí kò dára, wọ́n á sọ ọ́ lójú gbogbo ará ilé, bó jẹ́ pé ọkọ ẹni ló so ó náà. Àwọn sítóòfù onígíláàsì tí a ń fi ìka tẹ̀, tó ní pátákó kọ̀ǹpútà nínú, wọ́n á yẹ iná ibẹ̀ wò, wọ́n á tún ìlà rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n wọn kì í fọwọ́ kan pátákó náà. Wọ́n á ní ẹ gbé e lọ sí Kutonu.

Sítóòfù mi ti gbóná ní ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Pẹ̀lú fúùrù ní títàn, láàárọ̀, 216 ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti ra mítà kékeré tèmi, ọmọ iṣẹ́ wọn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ki ẹnu rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì láì fọwọ́ kan irin. Ilé iṣẹ́ mìíràn wà ní Àjàṣẹ́ tó ní ìsọ̀ tó lẹ́wà ju tiwọn lọ, tí afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ nínú rẹ̀. Èmi ò ní gbé fúùrù mi lọ síbẹ̀.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ gba ọ̀nà ọjà Ouando, ẹ wo ìsọ̀ tí wọ́n to ojú sítóòfù àlòkù sí iwájú rẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀, ẹ má lọ ṣáájú kí wọ́n tó kírun tán. Kí ẹ tó pè wọ́n, ẹ ya fọ́tò pátákó kékeré tó wà lẹ́yìn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn sítóòfù yín, níbi tí wọ́n kọ fóòtì àti wáàtì rẹ̀ sí, kí ẹ sì ya ti ojú disjoncteur yín náà. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn.